Bí a ṣe yan ojú iṣẹ́ Linux fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Àkúrẹ́

Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà nítòsí Arákàlẹ̀, ní Àkúrẹ́, lọ́nà tí èrò Ọjà Ọba máa ń gbà kọjá. Wọ́n ń tẹ̀wé níbẹ̀, wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì, wọ́n ń bá àwọn ọmọ ilé ìwé wo èsì WAEC, wọ́n ń bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe kún fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó. Ìyá kan ló ni ín, Mọ̀mí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọbìnrin méjì ló ń bá wọn ṣiṣẹ́: ọ̀kan ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, èkejì ṣì ń kọ́ṣẹ́. Èmi ni mo máa ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Kọ̀ǹpútà márùn-ún ni wọ́n ní, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní RAM 8 GB, 4 GB ni ti àwọn tó kù, Windows 10 ló sì wà lórí gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe tó ń wá déédéé fún Windows 10 dúró. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò, kò sì fẹ́ Intel tó bá ti dàgbà ju ìran kẹjọ lọ. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀rọ Mọ̀mí tó kájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó àtira tuntun kò sí nílẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé mọ̀ pé fláàṣì àjèjì kì í yé wọ inú ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. A kò lè fi ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe ààbò mọ́ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo dábàá Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè dípò Windows lórí kọ̀ǹpútà. Mọ̀mí gbà, àmọ́ wọ́n ní ohun kan tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní, “Ẹnjiníà, mi ò fẹ́ kí oníbàárà máa dúró nítorí pé à ń wá ibi tí nǹkan wà o.” Mo dá wọn lóhùn pé, “Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yan èyí tó bá yín lára mu.” Ohun tí wọ́n béèrè yẹn ni mo fi wo gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá jẹ́ pé Windows nìkan ló ti ń lò lè má mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ ni ojú tí à ń wò tí à ń tẹ̀. Lórí Linux, ojú iṣẹ́ pọ̀, àwọn tó ń ṣe wọ́n kò sì ronú bákan náà. Matthias Ettrich bẹ̀rẹ̀ KDE ní Jámánì ní 1996. Ọdún yẹn náà ni Olivier Fourdan bẹ̀rẹ̀ Xfce. Miguel de Icaza àti Federico Mena bẹ̀rẹ̀ GNOME ní Mẹ́síkò ní 1997. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ohun tó yẹ kí ó wà lójú ìwòran àti ohun tó yẹ kí a gbé kúrò níbẹ̀, inú iyàn yẹn ni a sì ti ní láti mú ọ̀kan.

Debian 13, ọ̀kan lára oríṣi Linux, ni mo fi ṣe ìdánwò náà. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 2025 ni wọ́n gbé e jáde, ó sì ní GNOME 48, Plasma 6.3 ti KDE, àti Xfce 4.20 nínú. Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí láptọ́ọ̀pù 8 GB yẹn, kí wọ́n lè máa mú èyí tí wọ́n bá fẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ páswọ́ọ̀dù láti wọlé. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n fi dán an wò, pẹ̀lú oníbàárà gidi lórí ìdúró. Ìdánwò tí a bá ṣe níbi tí kò sí èrò kò lè sọ òótọ́ fún wa.

GNOME

GNOME ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú wọn, mo sì ní ìdí. Ó mọ́ lójú, ohun tó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó ń ṣe é sì ti sapá kí ó má wúwo fún ẹ̀rọ tí kò lágbára. Ẹ̀yà 48 yìí, tó jáde ní oṣù Kẹta 2025, ló gba ohun tí wọ́n ń pè ní triple buffering wọlé, iṣẹ́ tí Daniel van Vugt ti Canonical, iléeṣẹ́ tó ń ṣe Ubuntu, fi nǹkan bí ọdún márùn-ún lé kiri. Tí ẹ̀rọ bá ń rọ́jú láti ya àwòrán kan tán, kò ní máa dúró de ìyẹn kó tó dáwọ́ lé èyí tó kàn. Ìyípadà tó ń lọ lójú ìwòran kò fi bẹ́ẹ̀ ta kọ́sẹ̀ mọ́. Wọ́n tún jẹ́ kí ìkìlọ̀ tó bá ti ibì kan náà wá máa ká jọ pọ̀ sójú kan.

Ṣùgbọ́n láti 2011 tí GNOME 3 ti jáde ni wọ́n ti pinnu pé ojú ìwòran gbọ́dọ̀ dákẹ́. Kò sí ìlà kankan nísàlẹ̀ tó ń fi wíńdò tó ṣí hàn. Kò sí bọ́tìnnì tí a fi ń gbé wíńdò pamọ́. Èyí tí a fi ń pa á dé nìkan ló wà lókè. Ní 2018, nínú 3.28, wọ́n yọ ètò tó ń jẹ́ kí a kó fáìlì sójú ìwòran kúrò. Ìdí wọn yé mi. Tí ìlà kò bá sí nísàlẹ̀, wíńdò tí a gbé pamọ́ kò níbi tó máa lọ. Wọ́n fẹ́ kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì Super (èyí tó ní àmì Windows lórí kíbọ́ọ̀dù), kí gbogbo wíńdò tó ṣí tò síwájú rẹ̀, kí ó mú èyí tó fẹ́, tàbí kí ó pín iṣẹ́ sí ààyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó jókòó ti próójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tàbí ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, mo fara mọ́ èrò yìí tọkàntọkàn. GNOME ni èmi náà ń lò nílé.

Wàyí o, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá ń tẹ lẹ́tà fún ọkùnrin kan, lẹ́tà sí lọ́yà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé. Obìnrin kan sáré wọlé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun wo èsì ọmọ òun. Lórí Windows, ọmọ yìí máa ń gbé iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ pamọ́ ni, kí ó tó ṣí ti ẹni tó kàn. Níbí, ó wá bọ́tìnnì yẹn, kò rí i, ó wá tẹ Super bí mo ṣe kọ́ ọ. Gbogbo ohun tó ṣí sì tò síta gbalaja: lẹ́tà ilẹ̀, fọ́ọ̀mù ẹlòmíràn tó ní nọ́ńbà fóònù lórí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ẹni kẹta. Ojú obìnrin náà wà lórí rẹ̀. Ọkùnrin onílẹ́tà kò sọ̀rọ̀, ó kàn na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo apá ibi tí lẹ́tà rẹ̀ wà lójú ìwòran.

Àṣírí oníbàárà wà lára ohun tí a ń tà ní irú ṣọ́ọ̀bù yìí. Mọ̀mí rí ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì dùn mọ́ wọn nínú rárá.

A lè dá bọ́tìnnì náà padà. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ Tweaks wà fún un, Super pẹ̀lú H sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí bọ́tìnnì. Mo ṣe é fún wọn. Àmọ́ wíńdò tí wọ́n bá gbé pamọ́ kò hàn níbi kankan mọ́, àyàfi kí wọ́n tún ṣí ojú àkópọ̀ yẹn, tí gbogbo rẹ̀ yóò tún tò síta. Àfikún wà tó ń gbé ìlà sísàlẹ̀, òmíràn wà tó ń kó àmì padà sójú ìwòran. Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa wọn ni pé ẹ̀yà tuntun GNOME ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àfikún tí ẹni tó ni ín kò bá sì tún ṣe fún ẹ̀yà tuntun kò ní ṣiṣẹ́. Debian kì í yí ẹ̀yà padà lójijì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá máa sún lọ sí Debian tó kàn ń bọ̀. N kò fẹ́ gbé iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àwọn èèyàn lé àfikún tó ń dá ohun tí àwọn onílé ti mọ̀ọ́mọ̀ yọ kúrò padà.

Ti fláàṣì náà tún wà ńbẹ̀. Tí wọ́n bá ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ìkìlọ̀ kan yóò yọ lókè, yóò sì tún wọlé padà. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í tètè rí i. Tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, àfi kí wọ́n ṣí Files, ètò tí GNOME fi ń wo fáìlì, kí wọ́n tó rí ibi tí wọn yóò tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti 2012 tí 3.6 ti jáde ni wọ́n sì ti yọ ètò tó ń pín Files sí ọ̀nà méjì kúrò, tí a ń rí fódà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà. Òun wà lára ohun tó mú kí àwọn Linux Mint, oríṣi Linux mìíràn, yà sọ́tọ̀, kí wọ́n ṣe ètò fáìlì tiwọn, Nemo. Iṣẹ́ tiwa sì rèé, kíkó nǹkan láti fláàṣì sínú fódà àti láti fódà sínú fláàṣì ni ìdajì rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí GNOME ti ṣe dáadáa ju àwọn tó kù lọ. Nínú ètò rẹ̀, a lè pàṣẹ pé kí ó má ṣe rántí fáìlì tí a ṣí, kí ó sì máa da ohun tó wà nínú àpótí ìdọ̀tí nù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn iye ọjọ́ tí a bá yàn. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nílò èyí gan-an. Ó tún mọ ìgbà tí dátà tí à ń lò bá ń bọ̀ láti inú fóònù: tí èèyàn bá tan họ́sípọ́ọ̀tì Android, NetworkManager, ètò tó ń bójú tó íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń mọ̀ pé dátà olówó ni, Software tó ń gbé àtúnṣe wá kò sì ní fa àtúnṣe ńlá wọlé láìjẹ́ pé a sọ fún un. Ẹni tó bá ti rí i tí dátà òun ṣàdéédéé tán lọ́sàn-án gangan mọ iye tí èyí tó.

Plasma

Ara wọ́n balẹ̀ kíá nínú Plasma. Ìlà wà nísàlẹ̀, bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ wà lápá òsì, wíńdò tó ṣí sì ń hàn. Àwọn KDE ti yí ohun kan padà nínú Plasma 6, tó jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2024, tó wúlò fún ẹni tó ń bọ̀ láti Windows: tẹ́lẹ̀, tí o bá tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti ṣí, nísinsìnyí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi í sí. Dolphin, tí wọ́n fi ń wo fáìlì, ń pín sí ọ̀nà méjì tí a bá tẹ F3. Fláàṣì ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, ibẹ̀ náà la ti ń yọ ọ́.

Ohun méjì ló dá mi dúró. Ètò inú Plasma pọ̀ dé ibi pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè gbé ìlà ìsàlẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìmọ̀, kí ó má sì mọ bí yóò ṣe dá a padà. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà, torí a lè tì í pa.

Èkejì ló wúwo. Plasma ń rántí ohun tí a bá kọ́pì. Ẹ tẹ Super pẹ̀lú V, àwọn ohun tí ẹ ti kọ́pì yóò tò wálẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé, ohun tó ń dín àkókò iṣẹ́ kù ni. Ní ṣọ́ọ̀bù Mọ̀mí, mo tẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí PIN káàdì àyẹ̀wò èsì àwọn ọmọ tó ti wá láti àárọ̀, nọ́ńbà ìdánwò wọn wà lábẹ́ rẹ̀, ádírẹ́ẹ̀sì ilé ẹnì kan tún wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn lè kà á. A lè dín ìrántí náà kù nínú ètò rẹ̀, a sì lè sọ pé kí ó má tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ṣe nǹkan náà ní ẹnì kan tó ni kọ̀ǹpútà kan lọ́kàn. Àwa ní ẹ̀rọ kan tí ogójì èèyàn lè jókòó tì lójúmọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wò lára ojú iṣẹ́ ni ohun tó ń rántí.

Nígbà tí mo wá gbé Plasma sórí ọ̀kan nínú àwọn 4 GB, tí bíráósà ṣí, tí LibreOffice tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà ṣí, tí fọ́tò sì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń gé, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. GNOME náà ò sàn jù ú lọ níbẹ̀.

Xfce

Xfce kò ní ohun tí èèyàn máa fi yangàn. Ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí bó ṣe wà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ̀yà tuntun rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde: 4.18 dé ní oṣù Kejìlá 2022, 4.20 dé ní oṣù Kejìlá 2024. Ohun tí wọ́n bá ti fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ lónìí, yóò bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ka èyí sí ìpinnu tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Fláàṣì ń hàn gedegbe lójú ìwòran bí wọ́n bá ti ki í bọ̀ ọ́. Bọ́tìnnì tí a fi ń gbé wíńdò pamọ́ wà ní ipò rẹ̀, orúkọ wíńdò nìkan ló sì ń hàn lórí ìlà, kì í ṣe inú rẹ̀. Ó rọrùn lórí 4 GB. Tí a bá sì fẹ́ kí ó túbọ̀ fúyẹ́, a lè pa òjìji àti ìyípadà ojú ìwòran tó ń ṣe.

Thunar, ètò fáìlì rẹ̀, ló gba ọkàn ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Nínú 4.18 ni wọ́n ti fi pípín sí méjì sí i, F3 náà ni. Fláàṣì oníbàárà lápá òsì, fódà ọjọ́ òní lápá ọ̀tún, ó ń fi máòsì wọ́ fáìlì kọjá. Ẹ̀yà yẹn náà ni wọ́n fi àǹfààní àtidá nǹkan padà sí i: tí wọ́n bá ṣèèṣì gbé fáìlì síbi tí kò yẹ, Ctrl pẹ̀lú Z ń dá a padà sáyè rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wọ́ fódà fọ́tò gbogbo sínú fláàṣì ẹlòmíràn lójú mi. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Mo ní kí ó tẹ Ctrl pẹ̀lú Z. Fódà náà padà sí ààyè rẹ̀. “Ẹ ṣé, bọ̀dá,” ó sọ ọ́ bí ẹni pé ẹrù ńlá ni mo gbé kúrò lórí rẹ̀.

Clipman ló ń rántí ohun tí a bá kọ́pì nínú Xfce. A yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ti pírińtà kò le: èyí tí wọ́n ní lórí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù dá ara rẹ̀ mọ̀, ó sì ń tẹ̀.

Títẹ Yorùbá

Ibi tí gbogbo ojú iṣẹ́ wọ̀nyí ti yà wá lẹ́nu jù rèé. Ìwé ètò ìsìnkú ló ń mú owó gidi wọlé fún Mọ̀mí, Yorùbá sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Lórí Windows, wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ láìní àmì, tàbí kí wọ́n lọ máa mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde látinú àpótí àmì, kí “Ẹ̀yẹ ìkẹyìn” tó wà níwájú ìwé tó lè pé. Ìdílé mìíràn á kàn sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lórí Linux, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, lábẹ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ígbò. A kò wá a kiri, a kò rà á. Mọ̀mí béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú pé kì í ṣe ohun tí wọ́n máa sanwó rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni tó bá ń tẹ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, á ní àmì tirẹ̀ tó dá dúró, ẹ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Méjì la ń so pọ̀ níbẹ̀: ẹ, lẹ́yìn náà ohùn òkè tí a gbé lé e lórí. Bí ọ́ àti ọ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Nítorí èyí, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ẹ́ nínú LibreOffice, ohùn nìkan ló máa lọ, ẹ yóò kù. Ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ń ṣe wèrè. Nítorí èyí náà ni fọ́ńtì (irú ìkọ̀wé) kan ṣe lè dára lójú, tí òmíràn yóò sì gbé ohùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. DejaVu àti Noto ń gbé e sí ipò rẹ̀, àwọn ni a fi sílẹ̀ fún ìwé Yorùbá.

Ọ̀nà mìíràn wà, bọ́tìnnì Compose: ẹ tẹ Compose, ẹ tẹ àmì ìyanu, ẹ tẹ e, ẹ ó rí ẹ. Ó dára fún ọ̀rọ̀ kan láàárín lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. Fún ojú ewé mẹ́jọ ìsìnkú, ó ń rẹ ọwọ́. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ni wọ́n yàn, èyí tó ń kọ́ṣẹ́ sì fi báírò ya ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú ìwòran.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jẹ́ kí wíńdò kọ̀ọ̀kan ní kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀, Yorùbá nínú LibreOffice, Gẹ̀ẹ́sì nínú bíráósà, kí ẹnikẹ́ni má fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kọ páswọ́ọ̀dù. Bí wọ́n ṣe ń fi í hàn ló yàtọ̀. GNOME ń kọ lẹ́tà méjì kékeré sókè lápá ọ̀tún. Xfce ń gbé àsíá síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni a fi sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà àsíá Amẹ́ríkà ló ń hàn. Tí wọ́n bá yí i sí Yorùbá, ó di àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé. Mọ̀mí rí i láti ìdí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, láìwọ awò. “Ó wà lórí Yorùbá,” wọ́n ké sí ọmọ náà, “yí i padà kí o tó kọ nọ́ńbà wọn.” Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Xfce ti gba iṣẹ́ náà.

Iná àti ohun tó kù

GNOME 48 mú ètò kan wá tó ń dá bátìrì dúró kí ó má kún tán, kí ó lè pẹ́. KDE ti ní irú rẹ̀ ṣáájú. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, torí bátìrì tó ń kún dẹ́múdẹ́mú nígbà gbogbo tètè ń gbó. Àmọ́ níbi tí iná lè lọ láago mẹ́wàá kí ó má dé títí di alẹ́, bátìrì tó kún ni oníbàárà mẹ́ta sí i. A fi í sílẹ̀ kí ó máa kún. Mo tún dín àkókò tí LibreOffice fi ń tọ́jú iṣẹ́ kù, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń lò látilẹ̀ ti pọ̀ jù fún wa.

Owó tí a san fún Xfce ni pé orí X11 ló ṣì wà, ètò tó ń gbé wíńdò sójú ìwòran, tí wọ́n gbé jáde ní 1987. GNOME àti Plasma ti kọjá sórí Wayland, tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Lórí X11, ètò kan tó bá ń ṣiṣẹ́ lè máa ka ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ètò mìíràn. Wayland ti ilẹ̀kùn yẹn. Fún ibi tí páswọ́ọ̀dù èèyàn ti ń kọjá, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Xfce 4.20 ti ń gbìyànjú Wayland, ṣùgbọ́n ìgbìyànjú ló ṣì jẹ́. Ohun tí mo ṣe ni pé kò sí ẹni tó lè fi ètò tuntun sórí àwọn ẹ̀rọ náà àfi èmi, oníbàárà tó bá sì fẹ́ jókòó fúnra rẹ̀ ń lo àkáǹtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí gbogbo ohun inú rẹ̀ ń parẹ́ tó bá jáde.

Bí a ṣe wá pín in nìyí. Mẹ́ta nínú àwọn 4 GB wà lórí Xfce, àwọn ni wọ́n fi ń dá oníbàárà lóhùn. Ọ̀kan ṣì wà lórí Windows 10 nítorí CorelDRAW tí wọ́n fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, torí kò sí ti Linux. A yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí ẹ̀rọ Linux la sì ti ń kọ́kọ́ ṣí fláàṣì kí ohunkóhun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ti 8 GB ni mo fẹ́ sọ di Xfce bíi ti àwọn yòókù. Mọ̀mí ní rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo, kò sí oníbàárà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ti tan ètò tó ń sọ lẹ́tà di ńlá fún wọn nínú GNOME, gbogbo nǹkan sì tóbi títí dé orí ìlà òkè. Wọ́n ní, “Èyí ò pariwo mọ́ mi. Fi í sílẹ̀ fún mi.” Mo yọ Plasma àti Xfce kúrò lórí rẹ̀, mo fi GNOME sílẹ̀.

Debian 13 yóò máa gba àtúnṣe kíkún títí di oṣù Kẹjọ 2028, àwọn LTS, tó ń bá àtúnṣe ààbò lọ lẹ́yìn ìyẹn, yóò sì gbé e dé 2030. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ohun tí mo máa máa tọpa ni Xfce lórí Wayland. Tó bá ti lè gbé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí wíńdò kọ̀ọ̀kan, tí àsíá sì ń hàn bó ṣe ń hàn báyìí, a ó sún àwọn ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà síbẹ̀.